Àwọn tó ń pe 999 lóru, èèyàn wa ni wọ́n: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí ẹgbẹ́ àti ìjọ Yorùbá ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú káàkiri Ìlú Ọba, ẹ̀yin pásítọ̀ àti wòlíì, ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ̀yin ìyá ìjọ àti ìyá sùnnà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú òtútù, ẹ kú akitiyan lórí wa. Ọmọ yín ni èmi tí mò ń kọ̀wé yìí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gba ìpè 999, nọ́mbà pàjáwìrì Ìlú Ọba, ní ilé-iṣẹ́ áńbúláǹsì kan ní England. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti gbé mi lọ sí ẹ̀ka tó ń mójú tó àwọn tí òyìnbó ń pè ní frequent callers, ìyẹn àwọn tó ń pe áńbúláǹsì lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbé fóònù lóru. Mi ò kọ lẹ́tà yìí sí ìjọba. Ìjọba ní ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, a sì ń bá wọn fà á lójoojúmọ́. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún lónìí, ọwọ́ yín ló wà.

Ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í ti ẹnu wa jáde. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí mo bá mẹ́nu bà níhìn-ín, mo ti yí ọjọ́ orí wọn, ìlú wọn àti àdúgbò wọn padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká pe ẹni àkọ́kọ́ ní Màmá Ìjẹ̀bú. Ó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn tí ọmọ wọn ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun wo ọmọ tuntun. Màmá wo èkíní, wọ́n wo èkejì, wọ́n wo ẹ̀kẹta. Àwọn ni wọ́n ń mú àwọn ọmọ lọ síléèwé, àwọn ni wọ́n ń lọ mú wọn bọ̀, àwọn ni wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n tú ká. Owó ilé ní London wá ju agbára ọmọ Màmá lọ, ó ra ilé sí Kent. Màmá kò bá wọn lọ, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ àti panla fún wọn, àti nọ́ọ̀sì tó mọ ìtàn àìsàn wọn, àdúgbò yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ni wọ́n bá ku àwọn nìkan nínú fúláàtì káńsù lókè kẹrin, nínú ilé tí lífíìtì rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, pẹ̀lú eékún tó ń dùn wọ́n.

Aago méjì òru ni Màmá máa ń pè. Wọ́n á kọ́kọ́ kí wa: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àìsùn." Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó gbé fóònù ni pé ṣé aláìsàn ń mí. A kò láṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, nítorí ẹni tí kò mí, ìṣẹ́jú kan péré lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Màmá á ní, "Mò ń mí, ọmọ mi, a dúpẹ́." Ohùn tí wọ́n á fi sọ ọ́ máa ń dùn mí. Àgbàlagbà kí èèyàn, a ò jẹ́ ẹ.

Tí a bá wá bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n, wọ́n á ní, "Àyà mi ń já."

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí mọ ohun tí Màmá sọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ọkàn wọn kò balẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ wọn tó wá sùn lọ́dọ̀ wọn ló bá wọn sọ ọ́ lédè òyìnbó. Yorùbá ọmọ náà kò jinlẹ̀, ó ní nǹkan ń já màmá òun láyà. Ohun tó dé etí ẹni tó gbé fóònù ni ìrora àyà. Ipò kejì ni a máa ń fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ sí, níbi tí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wà, tí ìwọ̀n tí NHS, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba, là sílẹ̀ láti 2017 fún wa láti dé ibẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 18 ní ìpíndọ́gba. Ọkọ̀ gbéra tòun ti iná àti fèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹrin, wọ́n lẹ wáyà mọ́ Màmá láyà, wọ́n wo bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n wá bi Màmá pé báwo ni ara wọn báyìí. Màmá ní, "A dúpẹ́." Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn ní kò sí ohun tó ń ṣe òun mọ́.

Èwo nínú àwọn ìyá wa ni àlejò máa wọlé bá, tó máa bi wọ́n pé ṣé ara yín le, tí kò ní sọ pé a dúpẹ́? Ọpẹ́ yìí ti wà nínú ìwé Màmá nígbà tó tó ogún.

Kì í ṣe àyà jíjá nìkan. Mo ti gbọ́ "ooru ń mú mi nínú ara". Mo ti gbọ́ "nǹkan ń rìn nínú orí mi bí ìjàlọ". Ìwé ìbéèrè tó wà níwájú wa kò ní ibi tí a lè kọ ìyẹn sí. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ọpọlọ nílé ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀, pé nínú wa, ìbànújẹ́ àti àìbalẹ̀ ọkàn kì í sábà gba ẹnu jáde bíi "inú mi bàjẹ́", ara ló ń gbà yọ: orí gbígbóná, ohun tó ń rìn lára, oorun tí kò wá. Ọdẹ orí tí àwọn bàbá ńlá wa ń pè é, ó ti wọnú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn àgbáyé. Tí Màmá bá sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn ìsìn, yóò yé yín kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Èmi náà, yóò yé mi, tí ìpè náà bá bọ́ sọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n a pọ̀ níbẹ̀, èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá lóru ọjọ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ẹ̀ka wa nìyí. Tí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 bá pe 999 ní ìgbà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù kan, tàbí ní ìgbà 12 láàárín oṣù mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ máa yọ. A ó kọ̀wé sí dókítà àdúgbò rẹ̀, ìyẹn GP. A ó pè é, a ó lọ kí i nílé. Tí ọ̀rọ̀ bá lágbára, a ó pe ìpàdé: GP, òṣìṣẹ́ káńsù, àwọn onílé, àwọn tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, nígbà mìíràn ọlọ́pàá. A ó jọ gbé ètò kan kalẹ̀ fún ẹni yẹn, kí òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì tó bá lọ sílé rẹ̀ lóru lè mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Òfin wà fún ẹni tó ń fi fóònù pàjáwìrì ṣeré tàbí tó ń bú wa, ó sì ti dé ilé-ẹjọ́ rí. Àwọn wọ̀nyẹn kéré gan-an. Nínú àwọn tí mo ti jókòó tì, èyí tó pọ̀ jù lọ ni àwọn tí ayé wọn ti wó níbì kan, tí kò sí ẹni tó wà nílé nígbà tó ń wó.

Mi ò sọ èyí láti inú àánú lásán. Ní 2021, ẹgbẹ́ aláàánú British Red Cross gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń lọ sí yàrá pàjáwìrì lemọ́lemọ́ ní England. Àwọn èèyàn náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú, síbẹ̀ ìdá 29 nínú 100 ìrìnàjò áńbúláǹsì, tiwọn ni. Ohun tí ìwádìí náà rí lẹ́yìn wọn ni òṣì, wàhálà ilé gbígbé, ìgbéyàwó tó dàrú, ọ̀fọ̀, àti ìdánìkanwà. Paramedic kan, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìṣègùn inú áńbúláǹsì, ní Blackpool, Rhian Monteith, ti fura sí èyí ṣáájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lemọ́lemọ́, ó ń bi wọ́n nípa ayé wọn, ó fi ìbéèrè àìsàn sí ẹ̀yìn. Ìpè wọn lọ sílẹ̀ gan-an, NHS sì ti tan ọ̀nà rẹ̀ ká ilẹ̀ England. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni Àrò. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ń darí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò, Abẹ́òkúta, abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gbé. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Láìsí ìbátan yẹn, ètò náà kò lè rìn. Ohun tí a mọ̀ nílé láti àádọ́rin ọdún sẹ́yìn nìyẹn, tí àwọn ìyá wa sì ṣaláìní níhìn-ín.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá Ìjẹ̀bú. A ṣe ìpàdé lórí wọn lẹ́ẹ̀kíní, a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn padà. Wọ́n fún wọn ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń fi kọ́rùn. Káńsù tún iná àtẹ̀gùn ṣe. Ìpè kò dín. Nígbà ìpàdé kẹta, mo bi Màmá bóyá a lè pe ẹnì kan tó mọ̀ wọ́n wá. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní kí a pe ìyá ìjọ wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé.

Ìyá ìjọ wá pẹ̀lú báàgì oúnjẹ. Wọ́n jókòó sí ìdí tábìlì, wọ́n gbọ́ bí a ṣe ń ka iye ìgbà tí Màmá pè àti aago tí wọ́n pè. Nígbà tí a kà á tán, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ pé aago méjì ni?"

A ò mọ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ọkọ Màmá kú ní Ìjẹ̀bú. Aago méjì òru ni fóònù dún. Kòrónà wà lóde, Nàìjíríà ti ti pápákọ̀ òfurufú pa láti oṣù kẹta, kò sì ṣí i fún ọkọ̀ òkè-òkun títí di oṣù kẹsàn-án. Orí WhatsApp ni Màmá ti wo bí wọ́n ṣe gbé ọkọ wọn wọlẹ̀, àwòrán tó ń já, ohùn tó ń gé. Ẹnikẹ́ni kò wá bá wọn jókòó, nítorí òfin ní kí kálukú wà nílé rẹ̀. Wọn kò gba àwọn tó ń kí ni kú ọ̀fọ̀. Ìyá ìjọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè lóru ọjọ́ náà. Ọmọ wọn kò mọ̀ pé láti ìgbà náà, tí aago bá ti ń lọ sí méjì, Màmá máa ń jí, wọ́n á máa wo fóònù, àyà wọn á máa já.

Ọdún mélòó ni a ti fi ń lẹ wáyà mọ́ wọn láyà.

Mo rántí pé GP bo ojú rẹ̀. Ìyá ìjọ kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn obìnrin mẹ́rin wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí wọn kì í tètè sùn, àwọn á pín alẹ́ láàárín ara wọn. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnì kan ń pe Màmá ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á jọ gbàdúrà, wọ́n á sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọmọ. Wọ́n sì sọ fún Màmá pé tí wọ́n bá jí ní aago méjì, kí wọ́n pe nọ́mbà kan báyìí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ni, kò sí ohun tó burú. Ní ọjọ́ kan, ìjọ ṣe ìsìn ìdágbére fún Bàbá bíi pé àná ni wọ́n kú, wọ́n dáná, wọ́n wọ aṣọ kan náà. Ọmọ Màmá wá láti Kent. Oṣù tó tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá pè wá.

Nípa ọmọ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bú u. Mo ti gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ pé ó já ìyá rẹ̀ jù sílẹ̀. Ilé àwọn arúgbó ló ń ṣiṣẹ́, wákàtí méjìlá lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ nígbà mìíràn. Ìyá àwọn ẹlòmíràn ló ń wẹ̀, ló ń fún lóúnjẹ, kó lè san owó ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wà bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí.

Ìbẹ̀bẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyí: àga kan wà ní ìpàdé wọ̀nyẹn tí kì í sí ẹni tó jókòó sí i. Tí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ ìjọ tàbí ọmọ ẹgbẹ́ yín kan ń pe áńbúláǹsì léraléra, ẹ lọ bá a, ẹ ní kó sọ fún GP rẹ̀ pé òun fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀. Tó bá ti gbà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pè yín sí ìpàdé. Ẹ tún lè ní kí GP fi í mọ òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní link worker, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so aláìsàn pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn àti ẹgbẹ́, a kì í sanwó rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹgbẹ́ tó ń wá, kò kàn mọ̀ yín ni.

Àmọ́ ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má pè mọ́. Bàbá kan wà tí àwọn ará ilé fi ìpè wọn ṣe yẹ̀yẹ́ níbi àpèjẹ. Ojú ti Bàbá. Lóṣù tó tẹ̀lé e, apá wọn ọ̀tún kú ní òru, ẹnu wọn wọ́. Wọ́n jókòó sórí àga títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí wọn kò fẹ́ kí a tún sọ pé àwọn ti ń yọ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Rọpárọsẹ̀ ni. Wákàtí díẹ̀ péré lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ ni oògùn tó ń yọ ẹ̀jẹ̀ dídì ṣì wúlò, wákàtí náà ti kọjá. Bàbá ṣì wà láàyè, wọn kò sọ̀rọ̀ geere mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èèyàn ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí pẹpẹ tàbí lórí WhatsApp ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Bàbá yìí.

Ẹ má sì jẹ́ kí a da gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń yọ lọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà. Tí òtútù bá mú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dí, egungun rẹ̀ á máa dùn ún bíi pé wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lè fi ìfẹ́ tàbí ìpè aago mẹ́wàá dín ìpè tirẹ̀ kù. Àìsàn rẹ̀ ló ń pè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ní in ní England, ẹ sì mọ̀ pé àwa dúdú ni wọ́n pọ̀ jù. Ní oṣù kẹrin 2019, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 21 kan tó ní àrùn yìí kú ní ilé-ìwòsàn kan ní London. Lórí ibùsùn ilé-ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ ti pe 999, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ́síjìn. Lẹ́yìn ìwádìí ikú rẹ̀, àwọn aṣòfin gbé ìròyìn jáde ní oṣù kọkànlá 2021 pé wọn kì í fetí sí àwọn tó ní àrùn yìí, pé wọ́n máa ń fojú ajoògùnyó wò wọ́n. Ìlànà wà láti 2012 pé láàárín ìṣẹ́jú 30 tí ẹni tó ní ìrora fòníkú-fọ̀ladìde bá dé ilé-ìwòsàn, ó gbọ́dọ̀ ti gba oògùn ìrora. Ìrora kì í jẹ́ kí aláìsàn lè sọ èyí fúnra rẹ̀. Ẹ rán àgbàlagbà kan tẹ̀ lé e, ẹni tó máa dúró lẹ́bàá ibùsùn, tó máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ nǹkan ìṣẹ́jú 30 yẹn, tó sì máa tún un sọ.

Àwọn kan wà tí kò ní GP rárá, nítorí wọ́n rò pé wọ́n máa bi wọ́n ní ìwé ìgbélùú. 999 nìkan ni dókítà wọn. Ẹ kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí: ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé England lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP lọ́fẹ̀ẹ́. Àìní ìwé ìrìnnà tàbí ẹ̀rí ibi tí èèyàn ń gbé kò tó láti lé e padà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú lóru, tó ń rò láti pa ara rẹ̀ lára, lè pe 111, nọ́mbà ìmọ̀ràn ìlera NHS, kó tẹ 2, àwọn tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ ni yóò gbé e.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ayé ni, pé àdúrà nìkan ló lè tú u. Onígbàgbọ́ ni mí, mo ń gbàdúrà kí n tó wọṣẹ́ lálaalẹ́. Ẹ gbàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n tí àdúrà bá parí ní aago mẹ́wàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá wọn délé, kó bá wọn wo bóyá iná ń tàn lórí àtẹ̀gùn, kó béèrè aago tí oorun máa ń dá lójú wọn.

Màmá Ìjẹ̀bú ṣì ń pè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lóṣù tó kọjá, eékún wọn yẹ̀ ní ilé ìdáná, wọ́n ṣubú, wọn kò lè dìde. Wọ́n pè, ó sì tọ́ kí wọ́n pè. Ẹni tó gbé e kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti ka ètò tí a kọ fún Màmá. Ó kí wọn kó tó bi wọ́n ní ohunkóhun, Màmá sì dá a lóhùn, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ ni mo wà."

Èmi ni ọmọ yín,
ẹni tó ń gbé fóònù lóru